Ìrìbọmi Bàbá Símẹ́ńtì

"Ta ló bu omi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí?"

Ohùn Ìyá Ìbejì ló jí ilé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀, ọkọ rẹ̀, dúró níwájú dígí, ó ń so táì mọ́rùn. Ó gbọ́ ìbéèrè náà ketekete, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sórí táì. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ táwọn ọmọ ìjọ ti wá jẹ́wọ́ fún un rí, kò sí èyí tó ṣòro láti mú wá sẹ́nu tó èyí tó wà lọ́rùn òun alára báyìí. Òun ló fi omi ọ̀hún fá irùngbọ̀n.

"Díẹ̀ ni mo bù," ó fèsì láti inú yàrá.

"Díẹ̀ kẹ̀? Díẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹni tó bá bu díẹ̀ nínú díẹ̀, kí ló ṣẹ́ kù fún ẹlòmíì?"

Ọdún tí Pásítọ̀ ti lò gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyàwó yìí ti kọ́ ọ pé àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ìdákẹ́ ni oògùn wọn. Ó rọra yọjú sí ilé ìdáná. Ẹ̀wà wà lórí iná, ó ń hó, omi rẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ sì le kokooko bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sínú ìkòkò. Àwọn Ìbejì, ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n ti ga tó ìyá wọn, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àná tí wọn ò tíì rí omi fọ̀. Wọ́n wo bàbá wọn, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n sì wolẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n mọ ìgbà tí a kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò náà ti gbẹ tipẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ omi wá lọ́jọ́ kan, wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí àárín títì, wọ́n wo páìpù tó bẹ́, wọ́n mi orí bíi dókítà tí ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ ti sú, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn sínú ọkọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kòtò ló kù sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, "Ẹ ní sùúrù" ni wọ́n máa wí fún un. Gbogbo àdúgbò sì ti ní in títí, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fi sùúrù fọ abọ́ tó mọ́.

Ohun tó tún wá dun Ìyá Ìbejì wọnú eegun ni pé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, ó ń rí omi. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ adágún ìrìbọmi sí àgbàlá, lẹ́yìn ilé Pásítọ̀ gan-an. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n lẹ táìlì aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ inú rẹ̀, ó sì jìn dé àyà àgbàlagbà. Lánàá ni ọkọ̀ táńkà wá da omi sínú rẹ̀, omi tó mọ́ lóló, kó lè wà nílẹ̀ fún ìrìbọmi òní. Lẹ́yìn náà ni Díákónì, olórí ìgbìmọ̀ tó kọ́ ọ, tẹ́ pákó bò ó, ó fi ṣéènì wé e, ó sì fi agádágodo ńlá kan tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó Pásítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí, èyí sì léwu ju ariwo lọ, "mi ò bẹ̀ yín ní ohun ńlá. Korobá kan péré."

"Omi ìrìbọmi ni. Ìjọ ló dáwó rẹ̀. Bí a bá bu korobá kan lónìí, kí la máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bu méjì?"

"Ṣé Ọlọ́run ló máa wọn omi yẹn ni, àbí Díákónì?"

Ìyá Ìbejì gbé ìkòkò ẹ̀wà kúrò lórí iná, ó pa iná, ó sì nu ọwọ́ sára ìró.

Lóde, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ ṣí adágún náà dúró gbagidi nínú aṣọ funfun. Bàbá Pásítọ̀ ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi yi bí èèpo igi, àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Símẹ́ńtì, kì í ṣe torí iṣẹ́ nìkan, bí kò ṣe pé bí èrò rẹ̀ bá ti dì lórí ọ̀rọ̀ kan, ó di kí wọ́n gbé òòlù wá. Gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi ń wàásù, ìdí ọwọ̀n tó wà lẹ́yìn pátápátá ni bàbá máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá sì mẹ́nu ba ìrìbọmi, á ní òun ò kánjú. Àfi lóṣù tó kọjá, nídìí oúnjẹ, tí ẹnikẹ́ni ò wàásù fún un, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Mo ti ṣe tán o." Kò sọ ìdí. Pásítọ̀ ò sì bi í, kó má baà lọ yí ọkàn padà.

Láti ìdájí ni bàbá ti wọ aṣọ ọ̀hún. Kò jókòó, kò fara ti ògiri, kò jẹ́ káwọn Ìbejì dì mọ́ òun. Aṣọ funfun tó bá dọ̀tí lásìkò yìí, ìgbà tó máa fojú kan omi, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

"Bàbá, ẹ̀wà ò jiná o," ni Ìyá Ìbejì wí fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi búrẹ́dì panu."

"Kò burú, ìyàwó mi. Eyín tó kù lẹ́nu mi, mo fẹ́ fi wọ́n jẹun pẹ́ díẹ̀ sí i. Má fi wọ́n dán ẹ̀wà yẹn wò."

Ìyá Ìbejì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé òun ń bínú, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Pásítọ̀ ló jáde lọ ra búrẹ́dì fúnra rẹ̀, bóyá ìyẹn á tu ìyàwó rẹ̀ lójú. Ìdí ìloro ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Oníbúrẹ́dì máa ń pàtẹ sí. Kò wá ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí kò mọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí Pásítọ̀, ó ń bá obìnrin kan tó gbé korobá òfìfo sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ṣáà wò ó. Àwọn ará ibí yìí ti rí omi tí wọ́n á fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀. Àwa ò rí èyí tá a máa fi wẹ ojú."

Obìnrin kejì rí Pásítọ̀, ó sì fẹsẹ̀ tẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́sẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì yí padà, kò sì yẹhùn.

"Ẹ káàárọ̀, Pásítọ̀. Èwo ni kí n bá yín dì?"

Bó ti ń padà bọ̀ wálé, búrẹ́dì náà gbóná lábẹ́ abíyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná jù ú lọ. Ó wọ yàrá, ó mú ìwàásù tó ti múra sílẹ̀. Obìnrin ará Samáríà létí kànga ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọjọ́ tí Jésù tí òùngbẹ ń gbẹ ní kí ó fún òun ní omi mu. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó dúró. Lánàá, ìwàásù yìí dùn lẹ́nu òun. Lónìí, ó gbẹ. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí obìnrin yẹn bá wọ àgbàlá àwa wá láàárọ̀ yìí, agádágodo ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹni tó sì fi omi ilé fá irùngbọ̀n, kí ló fẹ́ sọ fún un nípa òùngbẹ? Àwọn àgbà ti sọ pé ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa da omi síwájú, a wá tẹ́ pákó bò ó.

Ibi tí ó ti ń bá ara rẹ̀ jà báyìí ló ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní òdìkejì títì. Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó wọ bàtà kan, ó gbàgbé ìkejì.

"Pásítọ̀, omi!" ni Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ìyàwó Káfíńtà ti ń rọbí láti àfẹ̀mọ́jú. Omi tí mo fi pamọ́ ti tán. Ọmọ ń bọ̀ o, mi ò lè fi ọwọ́ tí mi ò fọ̀ gbà á!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Káfíńtà ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ pe Díákónì," ni Pásítọ̀ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn Ìbejì ti wà lórí fóònù. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìkejì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un pè, bí ẹni pé ìka tirẹ̀ ló máa jẹ́ kó wọlé. Kò wọlé.

Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ Pásítọ̀. Bàbá Símẹ́ńtì, tí kò tíì kúrò lójú kan láti àárọ̀, rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀. Pákó adágún ló ń wò.

"Àgbà kì í wà lọ́jà," ó wí, ó sì dúró síbẹ̀. Kò parí òwe náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tó kù nínú wọn.

Pásítọ̀ bọ́ kóòtù, ó fà á lé ọmọ rẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó já táì, ó sọ ọ́ sẹ́yìn. Òkúta tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró ló he, ó sì kọrí sí adágún. Ó gbá agádágodo náà lẹ́ẹ̀kan, òkúta yọ̀, ó lọ bá ṣéènì. Ó tún gbá a, agádágodo ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di agádágodo mú.

"Ẹ gbá a báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òkúta yẹn lù mí lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa máa fọ aṣọ títí Jésù á fi dé."

"Mú un dáadáa."

"Mo ti mú un. Ẹ má dijú o! Pásítọ̀ tó ń dijú gbá òkúta!"

Ó la ojú, ó gbá a tagbára-tagbára, agádágodo já. Wọ́n wo ara wọn fún ìṣẹ́jú kan, àwọn méjèèjì tó jẹ́ pé láàárọ̀ ni wọ́n jà nítorí omi irùngbọ̀n, ìyàwó ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ká pákó. Omi náà wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń tàn. Àwọn Ìbejì ti korobá bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n sì sáré sọdá títì, Nọ́ọ̀sì ń ké níwájú wọn pé kí wọ́n má da ẹyọ ẹ̀kán kan. Káfíńtà gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n padà wá, wọ́n tún bù, wọ́n tún lọ.

Nígbà tó dà bíi pé ó tó, Pásítọ̀ tẹ̀ ba láti tẹ́ pákó padà. Bó ṣe gbójú sókè ló rí Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́nu ìloro. Korobá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin àárọ̀ yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń tún bàtà ṣe wà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn sì ti ń bọ̀ láti ìkángun títì, nítorí kò sí ìròyìn tó lẹ́sẹ̀ bíi ti omi. Wọn ò tọrọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, di korobá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kàn ń wo omi náà bí ènìyàn ṣe ń wo àwòrán ẹni rẹ̀ tó ti lọ sí ìrìn àjò tó jìnnà.

Pákó náà wúwo lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Gbogbo ọdún tí òun ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ òní yìí! Bí omi yìí bá tán, ta ló mọ ìgbà tí òmíràn máa dé? Ta ló sì mọ̀ bóyá ọkàn bàbá á ṣì wà níbẹ̀, tàbí bàbá fúnra rẹ̀?

Bàbá Símẹ́ńtì rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Èmi ò bá ọ dé ibẹ̀ o," ó wí. "Mi ò lè wọ inú omi tí ọmọnìkejì mi ń wò báyìí."

Pásítọ̀ gbé pákó náà ti ògiri.

"Ẹ wọlé," ó wí. "Ẹ wá pọn."

Ká ní ènìyàn lè fi ẹnu ya àwòrán ayọ̀, à bá ya ti àgbàlá náà. Korobá ń kan korobá, abọ́ ń kan abọ́. Ìyá Ìbejì lọ́ ìró mọ́dìí, ó dúró sínú adágún títí dé ìbàdí, ó ń bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pàṣẹ bí ọ̀gá sójà: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọwọ́, ẹ bọ́ síwájú! Ìwọ yìí, garawa wo lo gbé wá yìí, ṣé ilé ìtura lo fẹ́ ṣí ni?" Bàbá aṣàtúnṣe bàtà gba ìgò kan péré, ó ní òun nìkan lòun ń gbé. Ìyá Ìbejì gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi korobá tirẹ̀ gan-an fún un. Obìnrin kan fi ọwọ́ gbọ́n omi sójú, ó dijú, ó sì mí kanlẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo àwọn tó dúró tì í dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Nínú ìdákẹ́ yẹn ni igbe ọmọ tuntun sọdá títì wá.

Igbe náà mú, ó sì gùn, igbe ẹni tó dé ayé tó sì ti rí ohun tó fẹ́ rojọ́ lé lórí. Kò pẹ́ tí Káfíńtà fi jáde, ó fi bàtà kan ṣoṣo rẹ̀ jó wọ àgbàlá.

"Obìnrin ni! Obìnrin ni o! Àtìyá àtọmọ, àlàáfíà ni!"

Wọ́n hó yèè. Wọ́n fẹ́ gbé e sókè, wọ́n rántí omi tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi orí nìkan jó. Bàbá Símẹ́ńtì, tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ funfun láti àárọ̀, ni Káfíńtà fò mọ́ tòun ti ìyẹ̀fun pákó àti òógùn. Bàbá gbá a mọ́ra.

Wọ́n tún padà sídìí pípọn. Omi ń lọ sísàlẹ̀, táìlì ń yọ. Pásítọ̀ ń wò ó. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ṣàdédé na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu adágún.

"Ó tó!" ó kígbe. "Ó tó bẹ́ẹ̀! Ẹ fi ti Bàbá sílẹ̀!"

Ẹnì kan ní òun ò tíì bù.

"Wá gba ìdajì tèmi. Mo ní ẹ fi ti Bàbá sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkùnrin náà fi gbígbẹ lọ bá Ọlọ́run ni?"

Díákónì bá wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, bàtà rẹ̀ ń dán, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo pákó tó fara ti ògiri. Ó wo ṣéènì. Ó wo adágún, ó sì wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló já agádágodo yìí?"

"Èmi ni," ni Pásítọ̀ dáhùn.

"Èmi ni mo dì í mú fún wọn," ni Ìyá Ìbejì wí láti inú adágún.

"Àwa la kọ́kọ́ bù ú," ni àwọn Ìbejì wí pọ̀.

"Àwa la bu èyí tó kù," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, ó sì gbé korobá rẹ̀ hàn án, kó má baà sí àníyàn.

"Èmi ni mo ni ín," ni Káfíńtà wí. Wọ́n yíjú sí i. "Ọmọ ni mò ń sọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni."

Díákónì ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ilé dé ilé ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n dáwó kí adágún yìí tó dúró, nígbà tí wọ́n sì ń da omi sínú rẹ̀ lánàá, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ etí adágún, ó wo omi tó kù. Kò bo kókósẹ̀ Ìyá Ìbejì tán.

"Pásítọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "fún ọmọ tuntun, mi ò lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n Bàbá ń kọ́? Ìrìbọmi là ń pè é. Ẹ ní láti rì wọ́n ni. Èyí, ẹ ò lè fi í ri adìyẹ. Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú títí omi á fi dé."

"Ta lo fẹ́ sún síwájú?" ni Bàbá Símẹ́ńtì béèrè. "Ṣé o rí kòtò tó wà ní títì yẹn? Àwọn tó gbẹ́ ẹ lo fẹ́ kí n dúró dè? Díákónì, mo ti dàgbà ju ẹni tó ń dúró de òṣìṣẹ́ omi lọ."

"Bàbá, gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ wọ inú omi."

"Gbogbo ara?"

"Gbogbo ara, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ní kó wọ̀ ọ́ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

Díákónì fi kọ́kọ́rọ́ yún orí. Ó ronú. Ó tún wo omi náà.

Bàbá Símẹ́ńtì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú adágún, Ìyá Ìbejì ló mú un lọ́wọ́ kan, Pásítọ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó jókòó sínú omi. Ó ní omi náà tutù, ó ní kò burú. Ó wá na gbogbo ara gbalaja sílẹ̀, ó dojú kọ ojú ọ̀run. Pásítọ̀ kúnlẹ̀ tì í tòun ti ṣòkòtò ìwàásù, ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀, ó sì gbé ìkejì lé e láyà. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kò tíì gbé orí bàbá rẹ̀ sọ́wọ́ rí. Kò mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo.

"Mo rì yín bọmi," ó bẹ̀rẹ̀, "ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ—"

Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ la ojú kan wò ó.

"Parí ẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Omi ń wọ̀ mí létí."

"—àti ti Ẹ̀mí Mímọ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn wọ inú omi, orí wọ̀ ọ́, etí wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ikùn Bàbá yọ gẹ̀gẹ̀rẹ̀ lókè, ó gbẹ táútáú.

"Ikùn ò wọ̀ ọ́!" ni ẹnì kan ké lẹ́yìn.

"Ẹ mú sùúrù," ni Bàbá wí, "mò ń bọ̀ níbẹ̀." Ó sì yí gbiri, ó dojú bolẹ̀. Ikùn wọlé, àyà wọlé, ojú wọlé. Ó yọ orí, ó tu omi jáde bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì ń kọ́?" Ìyá Oníbúrẹ́dì nìyẹn.

Ó yí sí òsì.

"Ọ̀tún!" ni gbogbo wọn kígbe.

Ó yí sí ọ̀tún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn Ìbejì di ara wọn mú, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Pásítọ̀ tí ó yẹ kó ṣe bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń rẹ́rìn-ín tó fi jókòó sínú omi, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ èwo ni omi, èwo ni omijé. Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó máa ń rò pé bí Ọlọ́run bá dé sáàárín ènìyàn, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni wọn yóò fi mọ̀. Kò rò ó rí pé ó lè jẹ́ ariwo báyìí.

Bàbá jókòó, ó wo Díákónì. "Ó kù síbì kan?"

Díákónì dúró létí adágún, ó ń fi ojú wọ̀n ọ́n láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ògiri tuntun wò. Ẹnu rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ ní igun kan.

"Ẹ̀yìn ọrùn, Bàbá. Níbi tẹ́ ẹ ti gbé orí sókè yẹn. Ó gbẹ."

"Ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀ mọ́. Sọ̀ kalẹ̀ wá."

Díákónì wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó bọ́ ọ, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò funfun dé orúnkún, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi, ó rọra dà á sí ẹ̀yìn ọrùn bàbá náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á kí ó kárí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè sí àwọn ènìyàn.

"Ó pé," ó wí. "Gbogbo ara pé." Ẹ̀rín tó ti ń fi ipá dì mú wá já gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìsìn ò bẹ̀rẹ̀ lákòókò mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ tó ń dé bá Pásítọ̀ nínú adágún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó tutù rinrin, wọ́n bá àwọn aládùúgbò tí kì í wá síbẹ̀ tí wọ́n jókòó ti korobá wọn yí i ká. Ó rántí ìwàásù tó fi sílẹ̀ nínú yàrá, kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ mú un. Ó dìde dúró.

"Ẹ̀yin ará mi, ọmọ kan wáyé lónìí, bàbá mi sì ṣèrìbọmi, omi kan náà la fi wẹ̀ wọ́n. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúpẹ́ fún kòtò tó wà ní títì. Mo ti ń sọ fún yín láti ìgbà tí omi ti lọ pé ẹ ní sùúrù, bí àwọn ọ́fíìsì yẹn ti ń wí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀la, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀, kó gbé korobá òfìfo, kó bá mi ká lọ sí ọ́fíìsì wọn. A ò ní ja, a ò ní bú wọn. A máa to korobá sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọn títí dé títì, a ó sì jókòó."

"Ta ló máa wàásù níbẹ̀?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì béèrè.

"Korobá."

Wọ́n hó. Díákónì ní òun á wá, òun á gbé méjì. Káfíńtà ní òun á wá, bí ìyàwó òun bá gbà. Bàbá Símẹ́ńtì ti gòkè, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ní kí wọ́n má fi òun sílẹ̀ o, ó sì fẹ́ gbọn ara bí ajá tó bọ́ lọ́wọ́ òjò.

"Bàbá, ẹ má ṣe gbọnra!" Ìyá Ìbejì ti sáré gbé abọ́ ìfọṣọ sábẹ́ rẹ̀. Ó mú etí aṣọ funfun náà, ó lọ́ ọ, ó fún un, omi sì ń dún wọ̀ọ̀ sínú abọ́. "Mo máa fi èyí nu ilẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Bàbá mi, ẹ dúró. Apá òsì yìí nìkan, omi abọ́ kan ṣì wà níbẹ̀."